Ẹ Bi Bàbá Fèrè: Ọkọ Mi Ń Pariwo Ju Àwọn Tó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Lọ

Lẹ́tà méjì ni mo mú lóṣù yìí. Èkíní gùn, mo ti gé e kù. Èkejì ò ju ìlà díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí n tètè sùn.

*Bàbá Fèrè, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Báálẹ̀, nílùú Òṣogbo níbí là ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ń gbá bọ́ọ̀lù fún àdúgbò wa nínú ìdíje ìsinmi. Bàbá rẹ̀ kì í pa ọjọ́ kan jẹ, mo sì dúpẹ́, torí bàbá mìíràn ò tiẹ̀ mọ kíláàsì tí ọmọ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n tó bá ti débẹ̀, èébú ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní réfírì ti gbowó, ó ju píọ̀ wọ́tà lù ú. Wọ́n nà wá ní 2-1. Ọmọ mi kọ̀, kò bọ àwọn ọmọ kejì lọ́wọ́. Mo bá a wí, ó ní, "Ṣebí dádì náà ò kí wọn." Kí ni kí n ṣe?*
*Ìyá Eléré, Òkè-Báálẹ̀*

Ìyá Eléré, ọmọ yín ti dáhùn kí ẹ tó kọ̀wé sí mi. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan bá a sọ. Bàbá rẹ̀ ni mò ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé ìròyìn yìí sílẹ̀ níbi tó ti máa ń jẹun, kí ẹ ṣe bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Bàbá Eléré, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ti wòran ayò rí. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ọ̀ta tó mọ ayò ta lápá kan, ọ̀pẹ tí kò mọ̀ ọ́n ta lápá kejì, àwa òǹwòran yí wọn ká. Ẹnu wa kì í sinmi nídìí ayò. A ó fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́ títí, òun náà á sì máa fún wa lésì. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti rí òǹwòran tó kó ọwọ́ bọ inú ọpọ́n, tó da ọmọ ayò nù torí pé wọ́n ń na ọ̀rẹ́ rẹ̀? Ẹni bẹ́ẹ̀ ò ní ráyè jókòó nídìí ayò mọ́ ládùúgbò yẹn. Píọ̀ wọ́tà tí ẹ jù yẹn, ọwọ́ lẹ kó bọ inú ọpọ́n.

Ọdún 22 ni mo fi ṣe réfírì, tí mo fi fun fèrè, kí orúnkún mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé ni mo fun ún fún jù, ní pápá ilé ẹ̀kọ́ àti lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí. Kò sí VAR, fídíò tí réfírì fi ń tún ohun tó ṣẹlẹ̀ wò, níbẹ̀, ojú méjì tí Ọlọ́run fún mi náà ni. Tí òjò bá ti rọ̀, ilẹ̀ á máa yọ̀, ìlà tí a fi eérú fà á ti bómi lọ. Ọmọ kan á ṣubú níwájú ilé gọ́ọ̀lù. Ṣé wọ́n tì í ni, àbí ó yọ̀? Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ń retí fèrè.

Mo ti ṣì í fun rí. Mo fún wọn ní pẹ́nárítì kan tí kì í ṣe pẹ́nárítì. Ara ọmọ tó ṣubú ni mo ti mọ̀: ó dìde, ó ń wo bàtà ara rẹ̀, kò wò mí lójú. Àwọn bàbá ń pariwo pé òun gan-an ni kó gbá a. Ó gbá a jìnnà sílé. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, mi ò sì bi í.

Ẹ má rò pé ẹ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe o. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Paolo Di Canio, ará Ítálì. Ní 1998, ó ti réfírì lulẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ní kó jókòó fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11. Oṣù Kejìlá ọdún 2000 ni West Ham tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún lọ bá Everton nílé. 1-1 ni. Aṣọ́lé Everton fara pa, ó dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sókè sí Di Canio níwájú ilé, ṣùgbọ́n dípò kó gbá a wọlé, ọwọ́ ló fi mú un kí eré lè dúró. Àwọn olólùfẹ́ Everton fúnra wọn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. FIFA fún un ní ẹ̀bùn ìwà ọmọlúàbí ní 2001. Ẹni tó ti réfírì lulẹ̀ náà ni.

Láti 2019, òfin ti gba réfírì láyè láti fi káàdì han kóòṣì pàápàá. Bàbá nìkan ni kò ní káàdì tiẹ̀. Ohun tí èmi máa ń ṣe nìyí: mo máa ń pe bàbá tí ohùn rẹ̀ ròkè jù, mo máa ń gbé àsíá láìnsìmáànù lé e lọ́wọ́. Mẹkáníìkì kan wà báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní ọ́ílì. Kò pẹ́ tó gba àsíá tí ọmọ tiẹ̀ sá wọ inú ọ́fúsáìdì. Ó wò mí, mo wò ó. Àsíá náà gòkè díẹ̀, ó dúró, ó wá gòkè tán. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn bàbá yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í bú u pé ó ti gbowó.

Nítorí náà, Ìyá Eléré, ẹ bá kóòṣì wọn sọ ọ́, kí wọ́n gbé àsíá fún ọkọ yín. Kó sì wá réfírì yẹn lọ, kó mú ọmọ dání. "Ẹ má bínú" nìkan ti tó, kó má ṣàlàyé. Tí bọ́ọ̀lù bá parí lọ́jọ́ mìíràn, òun ni kó kọ́kọ́ lọ bọ àwọn bàbá òdìkejì lọ́wọ́. Ẹ ò ní rán ọmọ náà létí lẹ́ẹ̀mejì.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Ọmọ ọdún 16 ni mí, Òkè-Fìà. Kóòṣì wa ní kí n kọ 14 kí n lè wọ ẹgbẹ́ àwọn tí kò tíì pé ọdún 15. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é.*

Ọmọ mi, gbogbo wa la ṣe é lóòótọ́, ẹ̀tẹ́ rẹ̀ ò sì mọ sílé. Ní 1989, FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì torí ọjọ́ orí tí kò bára mu, ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ti 1991 tó yẹ kó wáyé lọ́dọ̀ wa sì bọ́ sọ́wọ́ Pọ́túgà. Ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ti 2009, tó wáyé nílẹ̀ wa níbí, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ. Tí egungun yẹn bá ti so pọ̀ tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹni náà ti ju ọdún 17 lọ, ohun yòówù kí ìwé rẹ̀ sọ.

Èmi náà ti kọ irú ẹ̀ rí, nígbà tí mò ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ kan. Mo kọ 14 fún ọmọ tó ti ń fá irùngbọ̀n. A gba ife. Ọmọ tí mo yọ kó lè ráyè wọlé jókòó sórí bẹ́ǹṣì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú bàtà tó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò tú okùn bàtà náà rárá, bí wọ́n ṣe so méjèèjì pọ̀ ló ṣe gbé e lé itan. Mo máa ń rí i l'Ọlá-Ìyá báyìí, ó ti ń wa ọkọ̀. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. Èmi ni mo máa ń yára kọjá.

16 ni kí o kọ. Wá ẹgbẹ́ àwọn tí kò tíì pé ọdún 17 lọ, kí o sì mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ dání. Tí kóòṣì bá bínú, ní kó wá bi mí.