Báwo ni bàálù ìṣọ́tàá Caudron G.3 ti ilẹ̀ Faransé ṣe bẹ̀rẹ̀?

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Gaston àti René Caudron, ló ṣe é. Bàálù wọn tó ṣáájú, G.2, ni wọ́n tún ṣe tó di G.3, ó sì fò ní oṣù karùn-ún ọdún 1914, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní kù sí dẹ̀dẹ̀.

Èèyàn méjì ló ń gbé: ọ̀kan ń wà á, èkejì ń ṣọ́ ọ̀tá, ó sì ń wo ibi tí ọta àgbá ń bọ́ sí. Ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí agbára ẹṣin 80 lọ. Tí awakọ̀ bá fẹ́ kó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wáyà ló fi ń lọ́ apá rẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò náà kò gba owó lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe é, nítorí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè wọn. Àmọ́ ó falẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ní ìbọn. Nígbà tó fi máa di àárín 1916, Faransé ti yọ ọ́ kúrò lójú ogun. Wọ́n wá ń fi kọ́ awakọ̀ tuntun. Òun náà ni Adrienne Bolland, obìnrin awakọ̀ bàálù ará Faransé, fi fò kọjá òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ní 1921.