Jíà ọtomátíìkì Camry: ṣé a lè tú u kí a sì tún un tò nílé?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Camry ọdún 2003 onísìlíńdà mẹ́rin ni mo ń wà ní Ìbàdàn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Láàárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá tutù, kò ní wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí mo bá fi jíà sí D, yóò dúró díẹ̀ kí ó tó mú; bí ó bá sì fẹ́ bọ́ sí jíà kẹta, ẹ́ńjìnnì a ké sókè lásán kí ọkọ̀ tó fà. Ọ́ìlì jíà ti dúdú, ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná. Mẹkáníìkì mi ní kí n lọ ra jíà tòkunbọ̀. Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni mí, mo ní irinṣẹ́, mo sì ní ibi tí a fi páànù bò lẹ́yìnkùlé. Ṣé mo lè tú jíà yìí kí n sì tún un tò fúnra mi?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. U241E ni Toyota ń pe jíà tí ó wà nínú ọkọ̀ yín, ọlọ́nà mẹ́rin síwájú ni, kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó kọjá agbára ẹni tí ó ní sùúrù, tí ó ní ìwé àtúnṣe rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó sì mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan. Títú àti títò kọ́ ni ó sábà máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́. Ohun tí mo máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà ni pé ẹni náà pààrọ̀ àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì (àwo pẹlẹbẹ tí ń dì mọ́ra wọn láti gbé agbára ẹ́ńjìnnì kọjá) tí ó jóná, kò wádìí ohun tí ó jó wọn, ó dá gbogbo rẹ̀ padà, kò sì pẹ́ tí àwọn tuntun náà fi jóná. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ẹni tí ó dá ẹjọ́ yìí sílẹ̀.

Àpèjúwe yín ti sọ ohun púpọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tí ìwé àtúnṣe ń pè ní C1 ni ó ń dì nígbà tí ẹ bá fi jíà sí D. C2 ni ó ń dì nígbà tí ọkọ̀ bá ń bọ́ láti jíà kejì sí ẹ̀kẹta. Ọ́ìlì tí páńpù ń tì ni ó ń ti písítìnì, písítìnì ni ó sì ń fún àwọn àwo náà pọ̀. Nígbà tí ọ́ìlì bá tutù, ó máa ń ki, rọ́bà etí písítìnì tí ó ti gan ṣì lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbóná, ó máa ń ṣàn, yóò gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà jò lọ, agbára tí ó ń fún àwọn àwo pọ̀ yóò dínkù, wọn yóò máa yọ̀ lára wọn dípò kí wọ́n dì, yíyọ̀ yẹn gan-an ni ó sì ń jó wọn. C2 yìí kan náà ni ọkọ̀ ń lò láti lọ sẹ́yìn, nítorí náà ẹ kíyè sí bí R ṣe ń mú nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná.

Síbẹ̀, ẹ má dá rọ́bà lẹ́bi tán. Ọ́ìlì tí kò tó lè mú kí jíà ṣe irú ìṣe yìí, solenoid (fáàfù oníná tí ń darí ọ́ìlì inú jíà) tí ó ti ń kú lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì ni bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ síkáànì wo ọkọ̀ náà kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtù kankan: P0750 àti àwọn kóòdù tí ó tẹ̀ lé e ń tọ́ka sí solenoid, nígbà tí P0741 ń tọ́ka sí ìdè inú kọ̀ǹfátà (torque converter, ohun tí ó so jíà mọ́ ẹ́ńjìnnì). Níbí ni iṣẹ́ ọwọ́ yín ti wúlò jù. Ẹ fi mítà wọn àwọn solenoid náà: èyí tí kò ṣe ju kí ó ṣí kí ó sì tì lọ gbọ́dọ̀ wà láàárín óòmù 11 sí 15 nígbà tí ó bá tutù, èyí tí ó ń díwọ̀n agbára ọ́ìlì sì máa ń wà ní nǹkan bíi óòmù 5 sí 5.6. Ní ti bíréènì bọ́ọ̀sì, ẹ̀rí tí ó tóbi jù ni ti RAV4 ọdún 2001 sí 2003. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ó máa ń bàjẹ́, tí jíà yóò sì máa wọlé pẹ̀lú ìgbájú títí tí òun náà yóò fi bàjẹ́. Nígbẹ̀yìn, Toyota fa àtìlẹ́yìn (warranty) rẹ̀ gùn sí ọdún 10 tàbí máìlì 150,000 ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó tún jíà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe tí ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀, owó ni ó dà sínú agbọ̀n.

Bí ètò iná ọkọ̀ náà bá mọ́, tí ọ́ìlì bá tó, tí ó sì ń rùn bí ẹ ti wí, a jẹ́ pé títú ni. Jíà tòkunbọ̀ tí mẹkáníìkì yín sọ kò burú bí irin inú tiyín bá ti fọ́ tàbí bí ara rẹ̀ bá ti sán, ṣùgbọ́n rọ́bà inú tòkunbọ̀ náà ti dàgbà tó ti inú tiyín, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ìyà tí ó ti jẹ kí ó tó dé Ládìpọ̀ tàbí Gate. Níwọ̀n ìgbà tí jíà yín ṣì ń rìn, èmi yóò tú tiyín.

Ibi tí a fi páànù bò dára fún gbígbé jíà sọ̀ kalẹ̀, kò dára fún títò ó, pàápàá ní àkókò ọyẹ́. Inú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì ni kí ẹ ti ṣe èyí tí ó kù, kí ẹ má sì lo àkísà tí ń tú fọ́nrán, nítorí pé fọ́nrán kan tó láti há fáàfù inú valve body (ilé àwọn fáàfù tí ń darí ọ́ìlì). Nígbà tí ẹ bá ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi irin àgbélé ti ọkọ̀ nídìí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì. Ẹ sì rántí pé ẹ́ńjìnnì náà yóò nílò ohun tí yóò gbé e ró láti òkè. Bí ẹ ti ń yọ nǹkan, ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì tò ó sórí tábìlì bí ó ṣe jáde, ní pàtàkì àwọn bíárìnì pẹlẹbẹ, torí ojú méjèèjì wọn kì í sábà jọra.

Ẹ ra odidi kíìtì rọ́bà àti síìlì, àti àwo kílọ́ọ̀ṣì gbogbo. Ẹ má ṣe pààrọ̀ C1 àti C2 nìkan. Ẹ rẹ àwọn àwo tuntun sínú ọ́ìlì jíà fún ìṣẹ́jú 30, ó kéré tán. Sípíríǹgì písítìnì ni ó máa ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró: kílám̀pù ńlá kan àti páìpù irin tí ẹ gé ojú sí lára yóò tẹ̀ ẹ́ títí tí ẹ ó fi yọ òrùka irin tí ó dè é. Ẹ fi Vaseline pa rọ́bà kí ó lè wọlé láìya. Gírísì kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀, nítorí kì í yòrò nínú ọ́ìlì, ojú ihò fáàfù ni yóò lọ dí. Bí ẹ bá ti to kílọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan tán, ẹ fi fílà géèjì (abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo) wọn àlàfo rẹ̀ kí ẹ sì fi wé ti inú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ́ atẹ́gùn tí ó gbẹ, tí kò ju 40 psi lọ, sínú ihò ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe dì. Bí atẹ́gùn bá ń sín lọ, rọ́bà ti ká tàbí ya, ẹ tú u níbẹ̀ kí ó tó wọnú jíà. Àwọn bóòtù valve body kéré, inú alumíníọ̀mù ni wọ́n sì ń wọ̀, nǹkan bíi 10 Nm ni agbára wọn. Ẹ lo sípánà tí ń díwọ̀n.

Kọ̀ǹfátà nìkan ni mo ní kí ẹ má tú. Wọ́n fi iná jó irin rẹ̀ pọ̀ (wẹ́ẹ̀dì) ni, ẹni tí yóò là á gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí yóò tún un jó, tí yóò sì mú un dọ́gba. Ẹ gbé e fún irú wọn, tàbí kí ẹ ra òmíràn, nítorí pé ọ́ìlì jíjóná àti ẹ̀rún irin kún inú rẹ̀. Ìdọ̀tí yẹn kan náà wà nínú ibi tí ọ́ìlì jíà ti ń tutù ní ìsàlẹ̀ ràdíétọ̀: ẹ fọ̀ ọ́ gbá tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá kọ̀ǹfátà padà, ẹ máa yí i bí ẹ ti ń tì í títí yóò fi jókòó sínú páńpù pátápátá. Bí jíà bá ti kan ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹfátà gbọ́dọ̀ ṣì máa yí fàlàlà. Bí ó bá jẹ́ bóòtù ni ẹ fi fa jíà mọ́ ẹ́ńjìnnì, páńpù yóò fọ́ kí ẹ tó ṣíná.

Toyota T-IV ni ọ́ìlì rẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì pupa èyíkéyìí. Nǹkan bíi lítà 3.5 ni ó ń jáde bí a bá kàn dà á láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n jíà tí a tú, tí kọ̀ǹfátà rẹ̀ ṣófo, yóò gbà ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ẹ bu púpọ̀ sí i kí ẹ tó ṣíná, ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ sì máa gbé jíà kọjá láti P dé L kí ó sì padà, ẹ máa bù sí i díẹ̀díẹ̀. Inú ìgbóná, nígbà tí ọ́ìlì bá wà láàárín 70 sí 80 lórí ìwọ̀n Celsius, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ní P, ni kí ẹ fi géèjì wò ó. Bí ó bá ṣì ń pẹ́ kí ó tó mú lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má ṣe da oògùn inú ìgò tí wọ́n ń tà sí i. Ẹ so géèjì agbára ọ́ìlì mọ́ ihò ìdánwò tí ó wà lára jíà, kí ẹ sì ka á ní D àti ní R nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná: bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, ẹ wo páńpù àti ohun tí ń díwọ̀n agbára rẹ̀, bí ó bá jẹ́ ti D nìkan ni, ọ̀nà C1 ni ọ́ìlì ti ń jò.