Ǹjẹ́ àlá ẹnì kan lè yí ìgbé ayé ojoojúmọ́ padà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó kòkó àti owó orí ló gbé e ró, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì dùn sí owó orí náà rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ tí ì bá máa bá bàbá rẹ̀ roko di tíṣà, nọ́ọ̀sì tàbí akọ̀wé. Ìyá tí kò mọ̀wé sì rí ẹni bá a ka lẹ́tà nínú ilé ara rẹ̀. Kì í kúkú ṣe Awólọ́wọ̀ nìkan o: Olóyè S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló gbé ètò náà síwájú àwọn aṣòfin ní 1952.