Mo gbé táyà 35 ínṣì sí ọkọ̀ mi, 31 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ratio 3.73, mo sì tún ń fi fa tirela, ratio axle wo ló yẹ?

O ní 31 ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ratio 3.73, àbí? Ratio axle ni iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wá sí axle máa yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìṣirò ẹ̀ ò le rárá, fi 31 pín 35, kó o wá fi 3.73 sọ ọ́ di púpọ̀, wàá rí bíi 4.21. Ìyẹn kàn máa dá ọkọ̀ padà sí bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀ ni o, kò tíì ka tirela mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ táyà ńlá fúnra ẹ̀ tún wúwo. Tó bá jẹ́ èmi ni, 4.56 ni màá gbé sí i. 4.30 náà máa ṣe tí ẹrù ò bá pọ̀.

Má bẹ̀rù pé ẹ́ńjìnnì á máa pariwo jù. Tí jíà tó kẹ́yìn bá jẹ́ 0.70, ní máìlì 65 láàárín wákàtí kan, bíi 2,000 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) péré ló máa wà pẹ̀lú 4.56. Tó o bá fi 3.73 sílẹ̀ ni wàhálà máa wà, tó o bá ti kan òkè pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ọkọ̀ á máa wá jíà kiri, á lọ sókè á tún já wálẹ̀, ooru á sì ba ọ́ìlì jíà jẹ́.

Tó bá jẹ́ four-wheel, jọ̀ọ́, iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ratio kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ transfer case, ìyẹn àpótí jíà tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn, lè fọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Kí wọ́n tún mítà tó ń ka eré ọkọ̀ ṣe kó má baà máa parọ́. Tí wọ́n bá ti gbé jíà axle tuntun sí i, má fa nǹkan kan fún máìlì 500 àkọ́kọ́, lẹ́yìn ẹ̀ kó o pààrọ̀ ọ́ìlì axle.