Ìmọ̀ òwò ni mo kà, olùkọ́ ìṣirò ni mo fẹ́ dà: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ìmọ̀ ìṣàkóso òwò ni mo kà ní yunifásítì, àmọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ló wù mí báyìí, ìṣirò ni mo sì fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àwọn kan ní àfi kí n padà lọ ka dìgírì mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ní másítàsì nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti tó. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má padà sí ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ má tíì san owó másítàsì kankan. Ìwé-ẹ̀rí ọ̀tọ̀, àṣẹ ìkọ́ni ọ̀tọ̀. Yunifásítì ló ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí. Ìjọba tàbí àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ló ni àṣẹ. Másítàsì kan wà tó jẹ́ pé àwọn tó ti ń kọ́ni tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ní Amẹ́ríkà, M.Ed. sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí MAT sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó ń ti ẹ̀ka mìíràn bọ̀. Ní England, PGCE ni ìwé-ẹ̀rí, QTS ni àṣẹ. PGCE kan sì wà tí kò ní QTS nínú. Ní Nàìjíríà, PGDE ló wà fún ẹni tó ní dìgírì tí kì í ṣe ti ìkọ́ni, TRCN ló sì ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi ilé-ẹ̀kọ́ ni pé: bí mo bá parí, ṣé mo lè gba àṣẹ láti kọ́ ìṣirò níbi tí mo ti fẹ́ ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìwé dá yín lóhùn.

Ó wá ku transcript yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì àti máàkì yín ní yunifásítì, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ń gbani wọlé kì í wo orúkọ dìgírì nìkan; wọ́n máa ń ka kọ́ọ̀sì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti ṣe é fúnra yín kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ pín bébà sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ sì kọ yúníìtì àti máàkì sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ ìṣirò pọ́ńbélé lọ sí apá kìíní: business mathematics, statistics, operations research. Èyí tó ṣeé jà fún, bí econometrics (lílo statistics láti wo ọ̀rọ̀ ajé), lọ sí apá kejì. Ìyókù di apá kẹta. Apá kẹta yìí ni accounting wà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀: ìlànà àkọsílẹ̀ owó ló ń kọ́ni, kì í ṣe aljẹ́brà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àròpọ̀ apá kìíní wé ohun tí àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ń béèrè. Ní Scotland, fún àpẹẹrẹ, 80 kírẹ́díìtì nínú kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ kọ́ni ni wọ́n ń wá. Nígbà tó jẹ́ pé 120 ni ẹ̀kọ́ ọdún kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ọdún kan nìyẹn. Ẹ rí i pé kò tó dìgírì tuntun rárá.

Àṣìṣe kan wà tó ń dun ni púpọ̀, nítorí ó rọrùn láti yẹra fún. Wọ́n á kọ “Quantitative Methods II” sórí transcript, calculus ló sì wà nínú rẹ̀ látòkèdélẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ ìwé wò kò lè mọ̀, á sì fò ó. Ẹ lọ gba àlàyé kọ́ọ̀sì náà ní ẹ̀ka tí ẹ ti kàwé, kí ẹ so ó mọ́ ìwé yín. Ẹ tètè lọ, torí àlàyé kọ́ọ̀sì àtijọ́ máa ń ṣòroó rí.

Bí kò bá tó, ẹ ka èyí tó kù ní yunifásítì láìforúkọ sílẹ̀ fún dìgírì, tàbí kí ẹ gba ẹ̀kọ́ àfikún ìmọ̀. Ní England, SKE ni wọ́n ń pè é, ọ̀sẹ̀ 8 sí 28 ló sì ń gbà. Kí ẹ tó wọlé ni kí ẹ ti kà á. Ẹni tó ń múra ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì sílẹ̀ lálaalẹ́ kò lè ráyè kọ́ calculus mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ kọ́ọ̀sì méjì péré ló wà ní apá kìíní, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi ìmọ̀ òwò tàbí ọrọ̀ ajé wọlé, kí ẹ wá fi ìṣirò kún un bó bá yá.

Ìbéèrè: Mi ò kọ́ ọmọ kankan rí. Kí ni kí n kọ nígbà tí wọ́n bá ní kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi fẹ́ di olùkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó sí kíláàsì. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì mú ìwé àti kálámù dání. Bí ọmọ kan bá ní 1/2 + 1/3 jẹ́ 2/5, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ó ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ kọ ohun tí olùkọ́ ṣe sí i, àti bóyá ọmọ náà gbà á lóòótọ́ tàbí ó kàn mi orí. Ìpínrọ̀ kan bẹ́ẹ̀ wúwo ju “mo fẹ́ràn ọmọdé láti kékeré” lọ. Nínú àwọn tó máa jẹ́rìí yín, kí ẹnì kan jẹ́ olùkọ́ yunifásítì tó mọ ọpọlọ yín. Kí ẹnì kejì ti rí yín níbi tí ẹ ti ń ṣàlàyé nǹkan fún èèyàn. Ọ̀gá ibiṣẹ́ tó máa sọ pé ẹ kì í pẹ́ lẹ́yìn nìkan kò tó.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láì fi iṣẹ́ mi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀kọ́ inú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Ìdánrawò nínú kíláàsì, rárá. Ojú ọ̀sán, níwájú ọmọ, ni. Ní England, ó kéré tán ọjọ́ 120 nínú ilé-ẹ̀kọ́. PGDE ti Scotland jẹ́ ọ̀sẹ̀ 36, 18 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ béèrè ẹni tó máa wá ilé-ẹ̀kọ́ náà, yunifásítì ni tàbí ẹ̀yin fúnra yín. Níbi tí òfin bá ti ní kí wọ́n yẹ ìwà àtẹ̀yìnwá ẹni wò kó tó súnmọ́ ọmọdé, ẹ béèrè fún un ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá gbà yín wọlé, torí láìsí i, ẹ ò ní lè wọ kíláàsì.