Mo ti dá oògùn dúró rí torí pé wọ́n ní kò hàn mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi

Ọmọ ìyá mi, mo ka ohun tó o kọ pé ó ti pé ọdún 3 tí kòkòrò HIV ò ti hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ, pé oògùn ti sú ẹ, o sì ti dá a dúró láti ọjọ́ 4 sẹ́yìn kó o fi wò ó bóyá ara ẹ ti dá. Mi ò lè kà á kí n dákẹ́, torí ohun tó o fẹ́ ṣe yìí, èmi ti ṣe é, díẹ̀ ló kù kó gbẹ̀mí mi.

2009 ni wọ́n sọ fún mi, nígbà tí mo lóyún àkọ́bí. Mo bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọmọ ò kó o, ọkọ mi ò kó o, CD4 mi, ìyẹn iye àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara, kúrò ní 190 ó lé ní 700. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ gba oògùn, mo máa ń ki òwú bọ inú ike ẹ̀ kó má baà máa dún ṣakaṣaka nínú báàgì mi nínú ọkọ̀, kí ẹni tó jókòó tì mí má baà béèrè pé oògùn kí nìyẹn. Òwú yẹn gan-an ló sú mi ju oògùn lọ.

Ní March 2013 mo gbọ́ lórí rédíò pé ọmọ kan ní Mississippi l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí tòun ti kòkòrò náà ní 2010, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún lóògùn nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ wákàtí 30, ti kúrò lórí oògùn báyìí wọn ò sì rí kòkòrò lára ẹ̀ mọ́. Mo ké halelúyà. Mo ní tí tọmọ yẹn bá lọ, tèmi tí ò hàn ńkọ́? Ẹnì kan tí mo máa ń lọ gbàdúrà lọ́dọ̀ ẹ̀ náà ní kí n fi ìgbàgbọ́ ju oògùn nù, October ọdún yẹn mo jù ú nù lóòótọ́.

Oṣù àkọ́kọ́ ara mi le koko, ohun tó tàn mí nìyẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ikọ́ ò lọ, òógùn òru ń mú kí bẹ́ẹ̀dì rin gbingbin, ìró ń já bọ́ nídìí mi. Ikọ́ fée ni. Viral load mi, ìyẹn iye kòkòrò tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀, ti lé ní 180,000, CD4 ti di 88. Orí ẹní ni mo wà ní July 2014, mò ń lo oògùn ikọ́ fée, tí rédíò yẹn náà fi sọ pé kòkòrò ti padà sára ọmọ Mississippi, lẹ́yìn tó ti lò ju ọdún 2 lọ láìsí oògùn. Mo sunkún ọmọ yẹn bíi pé èmi ni mo bí i.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló wá jókòó tì mí tó ṣàlàyé, mo sì rántí ìyá mi àgbà. Tá a bá dáná alẹ́ tán, á fi eérú bo ẹyin iná, kò ní sí èéfín, kò ní sí pípọ́n kankan, ọmọdé á rò pé iná ti kú. Tílẹ̀ bá mọ́, á kó ewé gbígbẹ lé e, á fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, iná ti gbéra. Bí kòkòrò yìí ṣe rí nìyẹn. Ó máa ń da ara ẹ̀ kọ sínú DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbínibí, àwọn sẹ́ẹ̀lì CD4 kan, àwọn tíṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa rántí àìsàn tó ti ṣe wá rí, àwọn yẹn sì lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí sẹ́ẹ̀lì bá ń sùn, kòkòrò inú ẹ̀ náà ń sùn, kò bímọ, oògùn ò sì lágbára lórí èyí tí ò bímọ, àwọn ológun ara wa gan-an ò lè dá a mọ̀. Àyẹ̀wò viral load ò rí i torí ohun tó ń rìn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń kà. Àmọ́ lọ́jọ́ tí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá jí tí ò sí oògùn nílẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti kún ara padà. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Johns Hopkins l'Amẹ́ríkà tiẹ̀ ṣírò ẹ̀ pé tó bá jẹ́ pé oògùn nìkan la fẹ́ fi dúró dè é kó tán, ó máa lé ní 70 ọdún.

O bi mí nípa Timothy Ray Brown, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó rí ìwòsàn HIV ní Berlin. Òótọ́ ni, inú mi sì máa ń dùn sí i gan-an. Àmọ́ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a jà, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa mùdùnmúdùn egungun ẹ̀ run tí wọ́n gbin ti ẹlòmíì sí i ní 2007, wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó fún un yẹn sì jẹ́ ẹni tí wọ́n bí láìní CCR5, ìyẹn ilẹ̀kùn tí kòkòrò náà máa ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì, irú wọn ò sì wọ́pọ̀ rárá láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ìtọ́jú yẹn fúnra ẹ̀ lè pààyàn. Jẹjẹrẹ yẹn ló padà wá pa á ní 2020, HIV ò padà. Wọ́n tún ń wá oògùn tó máa jí èyí tó ń sùn kí wọ́n lè pa á, jíjí ẹ̀ ti ń ṣeé ṣe díẹ̀díẹ̀, pípa ẹ̀ ló ń ṣòro. Mò ń retí ẹ̀ tọkàntọkàn. Mo fẹ́ kí n wà láyé nígbà tó bá dé, ìdí tí mo fi ń lo tèmi ní aago 9 alẹ́ nìyẹn, mi ò sì kówùú sínú ike mọ́.

Ìyàwó tó o kọ pé o fẹ́ fẹ́ yẹn, fẹ́ ẹ, bá a sọ òótọ́, kòkòrò tí ò bá hàn kì í ràn nípa ìbálòpọ̀ níwọ̀n ìgbà tó o bá ń lo oògùn ẹ. Láàárọ̀ ọ̀la mú káàdì ẹ, lọ sí kílíníìkì, sọ fún wọn pé ọjọ́ 4 lo ò lò ó, má fi ọjọ́ kankan pa mọ́ fún wọn. Tí nọ́ọ̀sì bá bínú, jẹ́ kó bínú. Fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi tó o bá ti gbà á, mi ò ní sùn.