Imú Ọmọ Mi Ṣì Wọ́ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ètè: Ojú Ta Ni Kí N Fi Wò Ó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 4. Ètè rẹ̀ ti là lápá òsì nígbà tí mo bí i, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un nígbà tó pé oṣù 4. Ètè náà jinná dáadáa, ṣùgbọ́n ihò imú rẹ̀ lápá òsì fẹ̀, ó sì tẹ́ ju ti ọ̀tún lọ. Bàbá rẹ̀ ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní imú náà wọ́. Bí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi òrí tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ní tèmi, bí mo bá ń wò ó lójúkojú, ọkàn mi balẹ̀. Bí mo bá wo fọ́tò rẹ̀, ọkàn mi á dàrú. Ṣé kí a tún gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? (Ìyá kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Kò sí ẹni tí ojú ń tàn jẹ nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Imú ọjọ́ tí wọ́n bí i, tí ètè là wọ inú rẹ̀ lọ, ni bàbá rẹ̀ fi ń wé ti òní. Imú àwọn ọmọ yòókù nínú agbo ilé ni ìyá àgbà fi ń wé e. Ẹ̀yin ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ̀ ń rí ẹ̀rín rẹ̀, ojú yín kì í sì í dúró sórí imú nìkan. Fọ́tò kì í mira, ìdí nìyẹn tí wíwọ́ náà fi ń hàn nínú rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ mọ èyí. Ìlànà Asher-McDade, tó ti wà láti 1991, ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wọn. Wọ́n á gé fọ́tò títí yóò fi ku imú àti ètè nìkan, kí ìyókù ojú má baà yí olùwò lọ́kàn padà, wọ́n á sì fún ìrísí imú àti wíwọ́ rẹ̀ ní máàkì, láti 1 tó dára jù dé 5 tó burú jù. Kò sí òbí tó lè wo ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì rò pé ó yẹ kó gbìyànjú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkeje oyún ni ètè máa ń so pọ̀. Bí kò bá so, iṣan tó yẹ kó yí ẹnu ká yóò lọ dì mọ́ ìdí ihò imú, á sì máa fà á sí ẹ̀gbẹ́. Egungun rírọ̀ tó gbé ìhà ibẹ̀ dúró á tẹ́, òpó kékeré tó wà láàárín ihò imú méjèèjì á yẹ̀ sí ìhà tí kò là, èrìgì òkè tó yẹ kó gbé e ró sì lè ní àlàfo. Ìdí nìyí tí ètè fi lè jinná tán kí imú má tíì dọ́gba. Ẹ bá mi fi ọ̀wọ̀ bẹ ìyá àgbà: ọwọ́ àti òrí kò lè dé ibi tí ọ̀ràn yìí wà, kí wọ́n dẹ́kun títẹ̀ ẹ́, àfi bí dókítà bá fi bí a ṣe ń ra àpá hàn wọ́n.

Ohun tó kàn mí ju ìrísí lọ ni èémí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ pa ẹnu dé, kí ẹ gbé dígí kékeré sábẹ́ imú rẹ̀: bí ó bá ti ń mí, ooru èémí yóò bo dígí ní ojú méjì. Bí ti òsì kò bá hàn, tàbí tí ọmọ ń hanrun gan-an, tó ń fi ẹnu mí lójú oorun, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹwà. Ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà, ì báà ṣe ní Adó tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì.

Bí èémí bá já gaara, èrò tèmi ni pé kí ẹ má kánjú. Àwọn dókítà kan máa ń tún ihò imú ṣe díẹ̀ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, pàápàá bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n àpá tí abẹ bá fi sílẹ̀ nínú imú a máa mú iṣẹ́ ìkẹyìn nira. Bí àlàfo bá wà nínú èrìgì, wọ́n sábà máa ń fi egungun dí i láàárín ọdún 7 sí 11, èyí á sì gbé ìdí imú sókè. Àtúnṣe ńlá sì ń dúró de ìgbà tí ojú bá dàgbà tán, bí ọdún 15 tàbí 16 fún obìnrin, 17 tàbí 18 fún ọkùnrin. Ní ti owó, àjọ aláàánú kan tó ń jẹ́ Smile Train, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, ń sanwó iṣẹ́ abẹ ètè lílà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè bóyá àtúnṣe imú wà níbẹ̀.

Ọmọ náà yóò sọ tirẹ̀ láìpẹ́. Ìwé ìbéèrè kan wà, CLEFT-Q, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó wà láàárín ọdún 8 sí 29. Ẹni tó ni imú fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn bí imú òun ṣe rí lójú òun. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe máa jiyàn imú rẹ̀ níṣojú rẹ̀, nítorí ọmọ ọdún 4 ń gbọ́. Ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹ ya fọ́tò mẹ́ta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán: ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ nígbà tó bá gbé orí sẹ́yìn. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì mú un dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà.